Ọtí Inú Omi Iyùn

Àárọ̀ ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Díítà ní Hamburg, ọtí ni mo bá a tó ń rọ sínú omi ẹja. Ẹnì kan kọ́ ló sọ fún mi o, ojú mi ló rí i. Ó yọ ìgò fódíkà kan nínú kọ́bọ́ọ̀dù tó máa ń fi kọ́kọ́rọ́ tì, ó fi síríńjì fa díẹ̀ nínú rẹ̀, ó gbé e sókè wò bíi nọ́ọ̀sì tó fẹ́ gún ọmọ lábẹ́rẹ́, ó sì tú u sínú táǹkì dígí ńlá tó wà láàárín ṣọ́ọ̀bù. Ó dúró, ó wo omi náà fún ìgbà díẹ̀, ó wá dá ìgò padà, ó sì ti kọ́bọ́ọ̀dù.

Mo ní nínú mi pé, háà, mo ti bọ́ sọ́wọ́ olóòṣà. Ilé Mùsùlùmí ni wọ́n bí mi sí ní Ìlobù. Bàbá mi kì í jẹ́ kí ẹni tó gbé ìgò ọtí kọjá níwájú ilé wa láìjẹ́ pé ó wàásù fún un. Èmi wá nìyí lókè òkun, mo ń gba owó oṣù lọ́wọ́ ẹni tó ń fún omi lọ́tí mu láàárọ̀. Kí ló fẹ́ gbà lọ́wọ́ omi náà? Mo gbé ìbéèrè yẹn sọ́kàn, mo sì mú ìgbálẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìrìnàjò kọ́ ni mo fẹ́ sọ. Ẹni tó ti rìn ín mọ̀ ọ́n, ẹni tí kò rìn ín kò ní gbà mí gbọ́. Aṣọ ni mo ń rẹ láró ní Òṣogbo kí n tó lọ. Mo máa ń wọkọ̀ láti Ìlobù láàárọ̀, mo máa ń padà ní ìrọ̀lẹ́, gbogbo ọjọ́ ni ọwọ́ mi ń wà nínú omi, mo sì rò pé mo mọ ohun tí wọ́n ń pè ní omi tútù. Irọ́ ni. Ní Hamburg, afẹ́fẹ́ tutù débi pé eyín á máa dun èèyàn tó bá rẹ́rìn-ín níta. Bóyá ìdí tí wọn kì í fi í rẹ́rìn-ín nìyẹn.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo pàdé ìyá àgbàlagbà kan lórí àtẹ̀gùn ilé tí mò ń gbé, mo sì kúnlẹ̀ kí i. Ó rò pé mo ṣubú ni. Ó fà mí dìde, ó ń pariwo, àwọn aládùúgbò sì ṣí ilẹ̀kùn wọn láti wò mí. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀, inú yàrá ni mo máa ń dúró sí títí á fi kọjá. Nínú bọ́ọ̀sì, wọ́n á jókòó síbi gbogbo tán kí wọ́n tó jókòó tì mí. Èmi náà kò bá wọn jà. Mo gbá báàgì mi mọ́ra, mò ń ṣọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ mi.

Inú táǹkì yẹn ni mo ti kọ́kọ́ rí iyùn tó wà láàyè. Iyùn tí mo mọ̀ ni èyí tó ń wà lọ́rùn ọba àti lọ́rùn ìyàwó. N kò mọ̀ pé ohun ẹlẹ́mìí ni, pé inú òkun ló ti ń hù bí ẹ̀ka igi, pé ó máa ń la ẹnu kéékèèké rẹ̀ tí iná bá tàn, tó sì máa ń pa á dé tí òjìji èèyàn bá kọjá lójijì. Nígbà tí Ọ̀gá Díítà sọ fún mi pé iyùn náà nìyẹn, mo wò ó láti òkè dé ilẹ̀. Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí pé ará Áfíríkà ni mí.

Ìyọnu táǹkì náà ni nǹkan pupa kan tó ń bo iyanrìn àti òkúta inú rẹ̀. Ó ń yọ̀ bí ilá, ó sì ń rùn bíi kànga tí ewé jẹrà sí. Tí mo bá fi ọ̀pá rọ́bà fà á jáde láàárọ̀, tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, ó ti tún bo ibẹ̀. Ọ̀gá Díítà ní orúkọ gígùn kan tó ń pè é. Èmi sọ ọ́ ní ilá pupa. Tó bá gun orí iyùn tó sì bò ó mọ́lẹ̀, iyùn náà á funfun, á sì kú. Ilé iṣẹ́ kan ti bá Ọ̀gá Díítà sọ̀rọ̀ pé àwọn fẹ́ ra táǹkì náà pẹ̀lú gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, nítorí náà kò sí ọ̀rọ̀ míì lẹ́nu rẹ̀ ju ilá pupa lọ.

Nígbà tó rí i pé mo ń yẹra fún kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀, ó jókòó là á yé mi. Ó ní ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tó ṣẹ́kù ni ilá pupa ń jẹ. Àwọn kòkòrò àìfojúrí kan wà nínú omi tó lè bá wa jẹ ìdọ̀tí yẹn tán, àmọ́ wọn kò lágbára tó. Ọtí ni oúnjẹ wọn. Tí wọ́n bá rí i mu, wọ́n á pọ̀ sí i, wọ́n á gba ìdọ̀tí náà mọ́ra. Ẹ̀rọ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì tó ń mú omi hó bí omi ọṣẹ, òun ló máa ru àwọn kòkòrò náà àti ìdọ̀tí sínú ife kan lókè, tí a ó sì dà á nù. Ó ní àwọn ẹlẹ́ja bíi mélòó kan ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dán an wò, òun kò sì fẹ́ kí oníbàárà rí ìgò náà kí wọ́n máa pe òun ní ọ̀mùtí.

Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ náà dà bíi ti alágbàṣe oko. Bí o kò bá fún alágbàṣe lóúnjẹ, kò ní ro oko fún ọ. Bí o bá sì pe èyí tó pọ̀ ju oko lọ, wọ́n á jẹ oúnjẹ ilé rẹ tán. Ọ̀gá Díítà ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni: tí ọtí bá pọ̀ jù, kòkòrò á pọ̀ jù, wọ́n á gba atẹ́gùn inú omi mọ́ ẹja lọ́wọ́. Ó yé mi. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ohun tó bá yé èèyàn ló ń gbà gbọ́.

Ìgbà yẹn, kí ẹgbẹ̀rún ọdún tuntun tó wọlé, kò sí fóònù nílé wa. Bàbá mi á wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Òṣogbo, á jókòó sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń gba ìpè fún èèyàn, á máa dúró de ìgbà tí mo bá pè. Tó bá gbé fóònù, á máa pariwo bí ẹni tó ń pe èèyàn láti òdìkejì odò.

"Ṣé àlàáfíà lo wà?"

"Àlàáfíà ni, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi Àlùfáà léèrè. Ọ̀gá mi fẹ́ kí n máa da ọtí sínú omi ẹja."

"Ẹja ló ń mu ún?"

"Kòkòrò inú omi ni, Bàbá."

"Kòkòrò ìlú yín burú," ni Bàbá wí.

Nígbà tí mo tún pè, ó ti bá mi gbé èsì wá. Àlùfáà ní bí n kò bá mu ún, tí n kò tà á, tí mo sì fọwọ́ kí n tó kírun, iṣẹ́ ni mò ń ṣe. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ara mi rọ ọtí náà, mo sì máa ń fi ọṣẹ fọ ọwọ́ títí awọ rẹ̀ fi ń gbẹ.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ohun tó dè mí mọ́ ibẹ̀. Ìwé ìgbélùú mi máa tán tí òtútù bá tún dé, wọn kò sì ní fún mi ní òmíràn àfi tí ọ̀gá kan bá kọ̀wé pé òun ní iṣẹ́ fún mi. Bí Ọ̀gá Díítà bá lé mi, ilé yá nìyẹn. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé mo wà lókè òkun, ojú wo ni màá fi wọ Ìlobù?

Inú ìrònú yìí ni mo wà tí Ọ̀gá Díítà fi mú ọkùnrin kan wọlé lọ́jọ́ kan, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó gbé ẹ̀bùn wá fún mi. "Wò ó! Ará ìlú rẹ nìyí! Nàìjíríà! Ọ̀ṣun!"

Ọkùnrin náà dàgbà jù mí lọ dáadáa. Irun rẹ̀ ti ń funfun lẹ́bàá etí. "Ẹ ǹlẹ́ o," ló wí. "Ọmọ ibo ni yín?"

Ọ̀rọ̀ Yorùbá yẹn wọ̀ mí lára bí omi gbígbóná. Orúnkún mi ti ń tẹ̀ fúnra rẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, sà. Ọmọ Ìlobù ni mí."

Ẹ̀rín ojú rẹ̀ dúró. "Hẹn. Ìfọ́n lèmi."

Orúnkún mi kò tíì kan ilẹ̀. Mo yára ṣe bí ẹni tó fẹ́ ṣa nǹkan, mo sì dìde. Àwa méjèèjì ń wo ara wa. Oko bàbá mi wà ní ẹ̀gbẹ́ ààlà ìlú wa àti tiwọn. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ẹjọ́ pèrègún tí wọ́n hú kúrò níbi tí àwọn bàbá wa gbìn ín sí. Àwa ní àwọn ará Ìfọ́n ló hú u. Ó dá mi lójú pé nílé tiwọn, wọ́n ní àwa ni.

Ọ̀gá Díítà kò mọ nǹkan kan. "Ó dára! Ẹ ó máa sọ èdè yín, iṣẹ́ á yá."

N kò mọ ohun tó tì mí. Mo kàn gbọ́ tí ẹnu mi wí lédè Jámánì pé, "Rárá, ọ̀gá. Èdè wa yàtọ̀. N kò gbọ́ tiẹ̀."

Mo rò pé ọkùnrin náà máa já mi nírọ́. Ó wò mí, ó mi orí. "Òótọ́ ló wí," ni òun náà sọ lédè Jámánì. "Ó yàtọ̀ gan-an."

Ìlú méjì tí adìẹ wọn ń jẹ lójú kan náà! Bí àwa méjèèjì ṣe di ẹni tó ń fi èdè Jámánì bá ara wa sọ̀rọ̀ nìyẹn. Tèmi kò jinlẹ̀, tiẹ̀ burú ju tèmi lọ. Tí ó bá fẹ́ ní kí n gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì, á fọwọ́ júwe títí, èmi á sì ṣe bí ẹni tí kò yé. Dípọ̀ lorúkọ rẹ̀. Ó yẹ kí n máa pè é ní Bọ̀dá Dípọ̀, àmọ́ ọ̀gbẹ́ni ni mò ń pè é, lédè Jámánì.

Kò pẹ́ sí i ni Ọ̀gá Díítà sọ fún wa, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, pé tí òtútù bá dé, ẹnì kan ṣoṣo ni òun máa lè gbà dúró. Mo sọ ọ́ fún Bàbá lórí fóònù.

"Ará Ìfọ́n ni ẹnì kejì?" ni Bàbá pariwo. Mo rò pé gbogbo Òṣogbo ló gbọ́ ọ. "Má jẹ nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ o! Má sì kọ ẹ̀yìn sí i!"

"Bàbá, ó jọ èèyàn jẹ́jẹ́."

"Ta ló sọ fún ọ pé àwọn tó hú pèrègún pariwo?"

Mo ní kí ó bá mi kí ará ilé, mo sì gbé fóònù sílẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dun Ọ̀gá Díítà, tí kò sì lè tètè dé ṣọ́ọ̀bù mọ́. Ó fi kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù kọ́ sára ìṣó lẹ́yìn. Ó pè mí, ó ní kí n rọ ọtí náà ní ọjọ́ kan, kí ẹnì kejì rọ ọ́ ní ọjọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ó fi bíró fa ìlà sára síríńjì. Ó ní ẹni tó bá kọjá ìlà náà ti pa ẹja òun. Ó pe Dípọ̀ náà, ó sọ ọ́ fún un lọ́tọ̀. Ṣebí a ti sọ fún un pé a kò gbọ́ èdè ara wa.

Ẹ̀yin náà ẹ wo ọ̀rọ̀ yìí. Táǹkì kan, ẹni méjì, iṣẹ́ kan. Bí ẹja bá kú ní ọjọ́ tó jẹ́ tèmi, ta ni wọ́n máa lé? Láti ìgbà náà ni n kò ti fi ojú kúrò lára ará Ìfọ́n.

Mo máa ń rọ tèmi láàárọ̀ tí òun bá ń gbálẹ̀ iwájú ṣọ́ọ̀bù, kí ó má baà mọ̀. Tí ó bá di ọ̀sán, màá tẹ́ páálí sílẹ̀ nínú yàrá ẹrù, màá kírun. Ọjọ́ kan tí mo sálámà tán, mo gba àárín ilẹ̀kùn wo iwájú, mo sì rí Dípọ̀ lẹ́bàá táǹkì. Ọwọ́ rẹ̀ wà lókè omi. Síríńjì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ èmi ni mo ni ọjọ́ náà. Mo jókòó padà sórí páálí, mo ń ṣe bí ẹni tó ń ka tẹ̀súbáà, n kò sì mọ ohun tí mò ń kà.

Kí ló ń rọ síbẹ̀? Mo mú bíró, mo fa ìlà kékeré sára ìgò. Ọtí inú ìgò ń yára lọ sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Mo tún rò pé bóyá ńṣe ló ń mu ún. Mo wá ọgbọ́n sún mọ́ ọn kí n lè gbóòórùn ẹnu rẹ̀. Òórùn súìtì mẹ́ńtọ̀ ni mo gbọ́. Ìyẹn gan-an tún burú sí i lójú mi, ta ló ń jẹ mẹ́ńtọ̀ láàárọ̀ kùtùkùtù láìní ohun tó fẹ́ bò? Mo rò pé kí n dáwọ́ tèmi dúró. Àmọ́ bí mo bá dáwọ́ dúró, tí ilá pupa sì padà, Ọ̀gá Díítà á ní èmi ni n kò ṣiṣẹ́ mi. N kò lè fẹjọ́ rẹ̀ sun ọ̀gá náà láìní ẹ̀rí, nítorí ọ̀gá tó ń fi kọ́kọ́rọ́ ti ọtí kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnu gbọ́.

Láàárín ìgbà yẹn ni Dípọ̀ gbé gaàrí fún mi nínú ọ̀rá. "Láti ilé," ló wí lédè Jámánì. Mo dúpẹ́, mo gbé e lọ sí yàrá mi, mo tú u wò. Ó ní òórùn kíkan, ó sì dán bí ti ilé wa gan-an. Itọ́ yọ lẹ́nu mi. Mo rántí ohùn Bàbá, mo sì da díẹ̀ sójú fèrèsé fún àwọn ẹyẹlé. Wọ́n jẹ ẹ́. Ní ọjọ́ kejì wọ́n padà wá, wọ́n tún ń wá òmíràn. Síbẹ̀ n kò fẹnu kàn án. Mo ní bóyá májèlé tó ń pa èèyàn kì í pa ẹyẹ.

Mo máa ń jókòó ti gaàrí yẹn, màá sì máa bi ara mi pé ta gan-an ni ará ilé ẹni. Ní Ìlobù, àlejò ni ará Ìfọ́n, tí a bá sì bínú, orúkọ tí a ń pè é burú ju àlejò lọ. Tí àwa méjèèjì bá dé Èkó, ọmọ Ọ̀ṣun ni wọ́n ń pè wá. Nínú bọ́ọ̀sì Hamburg, aláwọ̀ dúdú méjì ni wá, ó parí. Ilé ń fẹ̀ sí i bí èèyàn ṣe ń jìnnà sí i. Èmi nìkan ló jọ pé mo gbé ààlà oko dání wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ó dùn mí. Ó wù mí kí n gbọ́ kí ẹnì kan pè mí ní "ọmọ yìí" kí ó sì bá mi wí. Ẹnì kan ṣoṣo tó lè ṣe é ní gbogbo ìlú náà ni mo ń ṣọ́ bí ẹni ń ṣọ́ olè.

Omi táǹkì kò mọ́ gaara mọ́, ó ń rú díẹ̀díẹ̀. Lójú mi, ẹ̀rí dé. Mo pinnu pé tí Ọ̀gá Díítà bá wọlé lọ́jọ́ kejì, màá sọ ohun gbogbo fún un.

Lọ́jọ́ kejì náà, èmi àti Dípọ̀ jọ dé ẹnu ọ̀nà ni. Ó ṣí ilẹ̀kùn, mo tan iná. Omi táǹkì ti funfun bí omi ògì. Gbogbo ẹja ti gòkè wá sójú omi, wọ́n ń la ẹnu, wọ́n ń pa á dé. Iyùn ti súnkì, gbogbo rẹ̀ ti ká wọnú.

"Yéè! Ẹja ń kú o!" ni mo ké.

"Tan ẹ̀rọ atẹ́gùn yẹn! Gbogbo rẹ̀, tan gbogbo rẹ̀!" ni Dípọ̀ pariwo.

"Omi tuntun ńkọ́? Ṣé a ti po iyọ̀ mọ́ ọn?"

"Ó wà nínú dúrọ́ọ̀mù lẹ́yìn. Rọ́bà dà? Ọmọ yìí, rọ́bà dà?"

"Ó wà lẹ́sẹ̀ yín, Bọ̀dá! Ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀!"

A fa omi funfun jáde, a da omi tuntun sí i. Mo dojú ẹ̀rọ tó ń da omi rú kọ òkè, kí ojú omi lè máa hó. Bọ̀dá Dípọ̀ ń da ife ìdọ̀tí nù bó ṣe ń kún. Omi iyọ̀ rin wá láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Nígbà tí ẹja àkọ́kọ́ kúrò lójú omi tó padà sísàlẹ̀, mo pariwo Alihamudulilai, òun ní Ògo ni f'Ólúwa, a sì di ara wa lọ́wọ́ mú.

Ìgbà yẹn ni mo rí Ọ̀gá Díítà. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. N kò mọ ìgbà tó ti wà níbẹ̀.

"Èdè yín yàtọ̀," ló wí. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè rárá. "Ẹ ní ẹ kò gbọ́ èdè ara yín."

Ó wọlé, ó wo omi, ó lọ wo ìgò nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ó rí ìlà tí mo fà sí i. Ó bi wá pé kí ni àwa méjèèjì ti ń gbèrò láti ọjọ́ yìí, ta ló rán wa sí táǹkì òun. Mo rí i lójú rẹ̀ pé gbogbo ohun tí mo ti ń rò sí Dípọ̀ ni òun náà ń rò sí wa.

Mo kọjú sí Bọ̀dá Dípọ̀, mo sì fi Yorùbá bi í, nítorí kò sí ohun tó kù láti pa mọ́. "Kí lẹ ń rọ síbẹ̀ ní ọjọ́ tèmi? Mo rí yín!"

"Ọtí ni," ló wí. "Ọtí náà ni. Mo rí ọ tí ò ń kírun. Mo ní ọmọ Mùsùlùmí kò ní lè fọwọ́ kan ọtí, ọkùnrin yìí á sì lé e tó bá mọ̀ pé kò ṣe é. Mo wá ń bá ọ ṣe é tí o bá wà lórí páálí. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́."

"Mo ń rọ ọ́ láàárọ̀ gbogbo ọjọ́ tèmi! Àlùfáà ti ní kò burú!"

Ó la ẹnu, ó wò mí. "Ìwọ náà ń rọ ọ́?"

"Kí ló dé tí ẹ kò bi mí?"

"Ní èdè wo?" ni Bọ̀dá Dípọ̀ wí.

Mo jókòó sílẹ̀ nínú omi tó wà nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀gá Díítà ń wò mí, ó ń wo Bọ̀dá Dípọ̀. Ó ní kí a sọ ọ́ lédè Jámánì, kí òun náà gbọ́. Bọ̀dá Dípọ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, pẹ̀lú Jámánì rẹ̀ tó ń kọsẹ̀.

"Èmi ni mo fi kún un. Ọmọ yìí ṣe tiẹ̀ bó o ṣe ní kó ṣe é. Èmi ni mo ṣe é léraléra."

Mo fẹ́ sọ pé èmi ni mo kọ́kọ́ purọ́ nípa èdè. Mo ti dìde. Ó yíjú sí mi, ó sì fi ohùn ilé wa bá mi wí pé, "Dákẹ́ ẹnu rẹ. Ìwé rẹ ńkọ́?"

"Tiyín ńkọ́, Bọ̀dá? Ṣé ẹ ti ní ìwé ni?"

"Ìyẹn kò kàn ọ́."

Ọ̀gá Díítà ní kí Bọ̀dá Dípọ̀ máa lọ. Bọ̀dá mú kóòtù rẹ̀, ó ní kí n fi aṣọ dúdú bo táǹkì náà fún ìwọ̀n ọjọ́ díẹ̀, nítorí ilá pupa kò lè wà láàyè láìsí iná, kí n má sì rọ ọtí kankan sí i títí omi á fi mọ́. Mo tẹ̀ lé e dé òpópónà. Mo kúnlẹ̀ fún un lórí ilẹ̀ tútù, orúnkún méjèèjì, àwọn èèyàn sì dúró ń wò wá. Ó ní, "Dìde, òtútù á mú ọ," ó sì lọ wọ bọ́ọ̀sì. N kò rí i mọ́ láti ọjọ́ náà. Mo béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ Nàìjíríà tí mo pàdé, ẹnì kan ní ó ti lọ sí ìlú míì, ẹnì kan ní wọ́n ti dá a padà sílé.

Mo fi aṣọ bo táǹkì náà. Nígbà tí mo ṣí i, ilá pupa ti rọ, ó ti ṣí kúrò lára òkúta, mo sì fi rọ́bà fà á jáde wẹ́rẹ́. Mo dín oúnjẹ ẹja kù. Mo ń pààrọ̀ omi díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí mo tún bẹ̀rẹ̀ ọtí, ẹ̀kán bíi mélòó kan ni mo fi bẹ̀rẹ̀, tí mo sì ń wo omi kí n tó fi kún un. Lọ́jọ́ kan, iyùn tó tóbi jù la gbogbo ẹnu rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó rí bí òdòdó. N kò rí ẹni tí màá pè kó wá wò ó. Ọ̀gá Díítà kọ ìwé fún mi, wọ́n sì fún mi ní ìwé ìgbélùú tuntun kí òtútù tó mú tán.

Mo pe Bàbá ní Òṣogbo láti sọ fún un. Ó pariwo ayọ̀, ó gbàdúrà fún mi títí, gbogbo àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù fóònù sì ń ṣe àmín.

"Ará Ìfọ́n yẹn ńkọ́?" ló wá bi mí.

"Ó ti lọ, Bàbá."

"Alihamudulilai!"

"Òun ló jẹ́ kí n rí ìwé gbà, Bàbá. Ó gbé ẹ̀bi náà lé ara rẹ̀ kí wọ́n má baà lé mi."

Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀ ní Òṣogbo. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, kò pariwo mọ́.

"Kí ló gbà lọ́wọ́ rẹ?"

"Kò gba nǹkan kan."

"Tún un wò," ni Bàbá wí. "Ará Ìfọ́n ni. Tún un wò dáadáa."

Mo ti ń wò ó láti ìgbà yẹn. N kò tíì rí nǹkan kan.